Níbo Ni N Ó Tọ̀ Sí?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ nídìí oúnjẹ. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹun tán ná kí ẹ tó kà á. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ìtìjú kì í jẹ́ kí á sọ ọ́ síta, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú yìí kan náà ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé orí ibùsùn ilé ìwòsàn.

Ní oṣù tí ó kọjá, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ọdún 26 ni. Ó múra dáadáa, irun rẹ̀ sì dára. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ ó ní ara rẹ̀ le ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n ó di itan rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń sunkún bí ọmọdé, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ. Mo bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ SS ni ó ní, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún bi í pé nígbà wo ni ó mu omi kẹ́yìn. Ó ní láti alẹ́ àná. Inú ti fẹ́ máa bí mi, n óò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, kí ó tó gbé ojú sókè tí ó sọ pé: “Màmá nọ́ọ̀sì, bí mo bá mu omi, níbo ni n ó tọ̀ sí?”

Ìbéèrè yìí pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń sọ fún àwọn tí ó ní àrùn yìí pé kí wọ́n mu omi dáadáa. N kò bi ẹnì kan ṣoṣo léèrè rí bóyá ó rí ibi tí yóò ti tọ̀ ọ́.

Ọmọbìnrin yìí ń bá ènìyàn tajà nínú ilé ìtajà ńlá kan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin tí ó wà níbẹ̀, èyí tí à ń lóṣòó lé ni. Ìbàdí rẹ̀ apá ọ̀tún kò sì gbà á láyè láti lóṣòó mọ́ láti bí ọdún méjì sẹ́yìn. Nítorí náà ni ó fi ń lọ sí èyí tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ sí lára ìlẹ̀kùn rẹ̀, nítorí pé ìjókòó rẹ̀ ga, ó sì ní irin tí ènìyàn lè dì mú. Ní ọjọ́ kan, ìyá tí ń ṣọ́ ibẹ̀ dá a dúró lójú àwọn oníbàárà, ó ké mọ́ ọn pé: “Ṣé arọ ni ọ́? Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kọ́ ni o fi rìn wá síbí?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti mu omi mọ́ láti ìgbà tí ó bá ti jáde nílé títí di ìgbà tí ó bá padà dé.

Àwọn àgbà wa ní ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú, kí á tó tu itọ́ funfun jáde. Ẹni tí ń rìn geere lójú títì lè ní ìdí pàtàkì tí ó fi nílò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kíákíá, tàbí tí ó fi nílò irú kan pàtó. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣe àlàyé, nítorí pé ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè yìí ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS. AS kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, wọ́n lè bí ọmọ SS.

Ohun tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa jẹ́ àwọn ẹ̀yà tíntìntín tí ó rí róbótó, tí ó sì rọ̀, kí wọ́n lè máa gba inú iṣan tóóró kọjá. Ti ẹni tí ó ní SS kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ara bá gbẹ, tàbí bí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri kò bá tó níbì kan, wọn a tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé, wọn a le, wọn a sì dí ọ̀nà. Ibi tí wọ́n bá dí sí ni ìrora yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ni gbogbo ayé mọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ohun tí wọ́n ń ṣe nínú kíndìnrín.

Iṣẹ́ kíndìnrín dà bí iṣẹ́ ẹni tí ń sẹ́ ògì. Yóò sẹ́ omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí, lẹ́yìn náà yóò tún fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi náà padà sínú ara, kí ara má baà gbẹ. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ àárọ̀ fi máa ń pọ́n fún ẹni tí kò mu omi ní gbogbo òru. Ṣùgbọ́n ibi tí kíndìnrín ti ń fa omi padà yìí wà ní ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì tó. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ SS ti ń tẹ̀. Láti kékeré ni iṣẹ́ ibẹ̀ ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí kíndìnrín kò fi ní lè fa omi padà bí ó ti yẹ mọ́. Ìtọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ a máa mọ́ bí omi òjò, kódà nígbà tí òùngbẹ bá ń pa á kú lọ. Bí ó mu omi, bí kò mu omi, ìtọ̀ ń bọ̀.

Ṣé ẹ wá rí àṣìṣe ọmọbìnrin yìí báyìí? Ó rò pé bí òun kò bá mu omi, òun kò ní tọ̀. Omi tí ó kọ̀ láti mu kò dín ìtọ̀ rẹ̀ kù tó bí ó ti rò. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni omi náà ti ń jáde lọ, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń ki sí i, títí tí eegun itan rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Àgbàlagbà tí ó ní SS níláti mu omi tó bíi lítà 3 lóòjọ́. Ọ̀rá omi tí à ń rà lójú títì gba ìdajì lítà, nítorí náà mẹ́fà ni. Kí ó pín in sí gbogbo ọjọ́, kí ó sì fi kún un bí oòrùn bá mú tàbí bí ibà bá ń ṣe é. Ẹni tí dókítà bá ti dín omi rẹ̀ kù nítorí àrùn kíndìnrín tàbí ti ọkàn kò sí nínú èyí, ti dókítà rẹ̀ ni kí ó tẹ̀lé. Ẹni tí ó ń mu omi tó bẹ́ẹ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì lè fa á padà, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò iye ìgbà tí yóò dìde. Kò sì gbọ́dọ̀ máa mú un mọ́ra. Fún àwọn ọkùnrin ní pàtàkì, ìtọ̀ tí ó kún àpò rẹ̀ lóru lè mú kí nǹkan ọkùnrin le gbandi, kí ó sì máa ro ó. Bí èyí bá ju wákàtí 2 lọ, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó má ṣe tìjú, nítorí ìdúró pẹ́ lè ba nǹkan náà jẹ́ títí ayé.

Ti ìbàdí ńkọ́? Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí eegun itan kéré. Bí ó bá dí léraléra, orí eegun náà a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rìn dáadáa lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó má sì lè lóṣòó, tàbí kí ó lóṣòó kí ó má lè dìde. Nítorí náà, àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ tí ó wà lára ìlẹ̀kùn kò túmọ̀ sí pé ẹni tí ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó ni ibẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà: ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, àwọn bàbá tí ohun tí ó yí ọrùn àpò ìtọ̀ wọn ká ti wú, ẹni tí ìfun rẹ̀ ní egbò, ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí ó sì ń gbé àpò ìgbẹ́ sí abẹ́ aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí ìrọbí pípẹ́ ti dá ihò sí lára, tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún èyí, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń sàn. Kí ó má ṣe jókòó sílé máa sunkún.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe, ọdún 5 náà sì ti pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2011. Òfin àpapọ̀ yìí kò fi mọ sórí arọ àti afọ́jú nìkan, ó ka ara tí kò lágbára tí kò sì lè fara dà pẹ̀lú. Òfin ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti garawa sí, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò ẹnì kan tí kò wá sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó ní SS ń gbé, wọ́n ti ní ètò kọ́kọ́rọ́ kan láti ọdún 1981, Radar ni wọ́n ń pè é. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo yìí ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ aláàbọ̀ ara tí ó ju 9,000 lọ káàkiri ilẹ̀ náà. Àwọn ilé ìtajà kan níbẹ̀ sì ti kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn pé kì í ṣe gbogbo àìlera ni a ń fojú rí. Síbẹ̀, a gbọ́ pé wọ́n ṣì ń wo àwọn kan tìfuratìfura níbẹ̀ bí wọ́n bá jáde láìfi ọ̀pá tilẹ̀.

Kí ni kí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ṣe? Kí ó gba ìwé kúkúrú lọ́wọ́ dókítà tàbí ilé ìwòsàn tí ó ti ń gba ìtọ́jú. Kò pọn dandan kí ìwé náà dárúkọ àrùn rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó rọra sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní àìlera kan tí kì í jẹ́ kí n lè mú ìtọ̀ mọ́ra. Èyí ni mo lè lò.” Èyí ti tó, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìtàn ayé rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó lè lo èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò lọ́jọ́ náà, tí àyè sì wà, kí ó lọ síbẹ̀, nítorí ẹni tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Kí ó má pẹ́ níbẹ̀, kí ó sì fi ìjókòó náà sílẹ̀ ní gbígbẹ.

Bí ó bá ń rìn ìrìn-àjò, kí ó ti bá awakọ̀ sọ ọ́ ní gáréèjì kí ó tó san owó ọkọ̀, kí ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Bí awakọ̀ bá kọ̀, ọkọ̀ mìíràn wà. Ó sàn kí á gbọ́ ọ ní gáréèjì ju ojú títì márosẹ̀ lọ. Kí ìwé ìnudìí, ike omi kan fún ìwẹ̀nù, àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan àti ọ̀rá dúdú wà nínú báàgì rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ń ta á, tàbí tí ibà bá tẹ̀lé e, kí ó wá rí wa lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ọmọ tí ó nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín òwúrọ̀ kan kì í ṣe olè gbogbo ìgbà. Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá na ọmọ yín. Ẹ mú ìwé dókítà lọ bá ọ̀gá ilé ìwé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù.

A fún ọmọbìnrin tí mo wí yìí ní omi àti oògùn ìrora, a sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n kọ ìwé fún un níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìtajà náà kà á, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní kí wọ́n gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan fún un. Ó yà wá kí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní ìyá tí ń ṣọ́ ibẹ̀ ṣì ń wo òun ní ìwòkuwò, ṣùgbọ́n ọ̀rá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tí ń tọ̀ sórí ẹní.