Kí awakọ̀ tó ra ọkọ̀ akẹ́rù tiẹ̀, ẹrù ni kó kọ́kọ́ wá

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń na ọ̀nà Òwu-Ìsin sí Òmù-Àrán àti Ìlọrin ló jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń wà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, owó dílífà ni wọ́n ń rò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn epo àti owó ọ̀gá ni tiwọn. Abájọ tí gbogbo wọn fi ń gbàdúrà kí àwọn náà di ọlọ́kọ̀. Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá gbà náà ni táyà, ẹ́ńjìnnì àti gbèsè di ti awakọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Olóògbé Louis Odumegwu Ojukwu, gbajúmọ̀ ọlọ́kọ̀ akẹ́rù tó kú lọ́dún 1966, kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tó ń ta táyà nílé iṣẹ́ John Holt l'Ékòó ni. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ìlà-Oòrùn kì í rí ọkọ̀ kó ẹrù wọn, kó tó dá iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹrù ló kọ́kọ́ rí.

Ẹrù wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1996. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kaṣú ń jáde láti oko. Ìṣòro ibẹ̀ ni àbọ̀. Ká ní awakọ̀ kan gba N250,000 láti kó iṣu lọ sí Ìbàdàn. Ká ní epo àlọ àti àbọ̀ jẹ́ N150,000, tí owó alábàárù, owó ojú ọ̀nà àti oúnjẹ jẹ́ N50,000. N50,000 péré ló kù. Bó bá rí sìmẹ́ńtì tàbí ọjà onísọ́ọ̀bù kó bọ̀, tí N100,000 wọlé lórí rẹ̀, èrè ti di N150,000. Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí, nítorí owó epo kì í dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kì í yí padà: àbọ̀ lèrè wà. Kí awakọ̀ tó ra ọkọ̀, kó ti ní oníbàárà ní Òwu-Ìsin, kó sì ní i níbi tó ń lọ.

Lẹ́yìn èyí ló kan owó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sàn ju owó èlé ojúmọ́ lọ. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀, kí mẹkáníìkì tó ṣeé fọkàn tán yẹ̀ ẹ́ wò, kí nọ́ńbà ara ṣáńsì sì bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu.

Ìwé náà ṣe pàtàkì. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ìpele G ni ti tírélà tí orí rẹ̀ ṣeé tú kúrò lára ìdí. Dandan ni ìbánigbófò, ó kéré tán èyí tó ń dáàbò bo ẹlòmíì tí ọkọ̀ bá ṣe ní jàǹbá. NURTW ni ẹgbẹ́ awakọ̀, NARTO ni ti àwọn ọlọ́kọ̀. Kí awakọ̀ sì forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, torí ilé iṣẹ́ ńlá kì í fẹ́ gbé ẹrù fún ẹni tí kò lórúkọ.

Èyí tó ń da ọlọ́kọ̀ tuntun láàmú jù ni pé owó ọkọ̀ àti owó ilé ń wà nínú àpò kan. Kó máa san owó iṣẹ́ fún ara rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀gá ló ń san án. Kó fi ìdá kan nínú mẹ́ta èrè pamọ́ fún táyà àti àtúnṣe, kí èyí tó kù san gbèsè. Bí táyà bá bẹ́ lójijì tí kò sí owó nílẹ̀, ọkọ̀ á dúró, gbèsè ò ní dúró.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Awakọ̀ tó bá fi ọdún kan kó oníbàárà jọ, tó sì ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé, ti di ọlọ́kọ̀ kó tó ra ọkọ̀.