Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ṣé Kókó Ló Wọ́n, àbí Náírà Ló Fúyẹ́?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá tó ń gbin kókó, n kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kókó tàbí bí a ṣe ń sá a. Ẹ̀yin lẹ lè kọ́ mi ní ìyẹn. N kò sì ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń pa iye lé kókó láti 1947 títí di 1986. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba, jáde ní 1968 ti gbọ́ ìtàn náà nílé.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kọ́ lónìí. Kíláàsì tó ṣáájú yín ṣì í gbọ́, èyí tó ṣáájú wọn náà ṣì í gbọ́. Nítorí náà, n ó máa tún un sọ. Ẹ má bínú.

Ní New York, dọ́là ni wọ́n fi ń ná kókó. Ní London, pọ́n-ùn ni. Kò sẹ́ni tó ń fi náírà ná an níbẹ̀.

Ká sọ pé kílò kókó kan jẹ́ dọ́là 2. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 460 náírà, kílò kan á mú 920 náírà wá. Bí dọ́là kan bá wá di 1,500 náírà ńkọ́? Kílò kan náà á mú 3,000 náírà wá. (Ẹni tó ń rà á lábúlé á yọ èrè tirẹ̀ àti owó mọ́tò, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.) Ẹ wò ó dáadáa: dọ́là 2 ni tẹ́lẹ̀, dọ́là 2 náà ni báyìí. Kókó kò wọ́n. Náírà ló fúyẹ́.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta gàrí mọ kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Bí a bá fi wọn àpò gàrí kan, iye kóńgò á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n gàrí inú àpò kò pọ̀ sí i. Náírà tó fúyẹ́ ni kóńgò yẹn. (Ẹ má tẹ kóńgò o. Olè ni.)

Ta ló ní kí náírà fúyẹ́? Ní 1944, àwọn orílẹ̀-èdè 44 pàdé ní Bretton Woods ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fìdí Àjọ Owó Àgbáyé (IMF) àti Báǹkì Àgbáyé sọlẹ̀. Nàìjíríà wọ méjèèjì ní 1961. Àjọ méjèèjì kì í sábà ta owó lọ́rẹ. Wọ́n ń yáni ni, àdéhùn sì wà nídìí rẹ̀. Ní 1985, Babangida, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ní kí ará ìlú dá sí i bóyá ká yá owó IMF. Ará ìlú ní rárá. Síbẹ̀, ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé. Àdéhùn tí a kọ̀ gba ẹ̀yìn wọlé. Ìjọba tú Bọ́ọ̀dù ká, ó sì jẹ́ kí náírà já wálẹ̀.

Èrò àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé IMF àti Báǹkì Àgbáyé ni pé, bí náírà bá fúyẹ́, àgbẹ̀ tó ń ta nǹkan sókè òkun á rí owó púpọ̀, ọjà òkèèrè á wọ́n, a ó sì máa ṣe tiwa. Lójú tèmi, ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ. Owó kókó pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkèèrè náà ni oògùn kókó ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Kókó kò wọ́n. Náírà ló fúyẹ́.

Nígbà mìíràn kókó a máa wọ́n ní tòótọ́. Ní 2024, kókó kò so dáadáa ní Gánà àti Ivory Coast. Tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní New York. Náírà sì ti já láti Okúdù 2023, nítorí náà àgbẹ̀ jẹ èrè méjèèjì pọ̀. Àwọn kan fi ṣe àríyá. Ẹni tó fi sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló gbọ́n, nítorí ní 2025 iye dọ́là tí wọ́n fi ń ra kókó tún já wálẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Lọ́dún kan, kílò kókó jẹ́ dọ́là 3, dọ́là kan sì jẹ́ 1,500 náírà. Lọ́dún mìíràn, kílò jẹ́ dọ́là 4, dọ́là kan sì jẹ́ 1,000 náírà. Ọdún wo ni owó náírà pọ̀ jù? Ọdún wo ni kókó wọ́n jù? Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, ẹ má gbé e fún ọmọ yín kọ.