Orúkọ Yín Nínú Ìwé Oníṣòwò

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà yìí, ilà lásán lẹ ń rí nínú ìwé tí obìnrin oní-POS abẹ́ agbòòrùn yẹn, ní Ẹ̀gbẹ̀ níbí, máa ń kọ nǹkan sí. Ẹ kí i, "Ọ̀kun o." Ó dá yín lóhùn, "Ọ̀kun o, màmá. Èló lẹ fẹ́ gbà?" Ó tẹ ẹ̀rọ, ó ka owó, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ bá tiyín lọ.

Ní báyìí, ojú yín ti là sí ìwé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ gba 5,000 náírà, ẹ wo ojú ìwé náà dáadáa. Orúkọ yín wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù yín tẹ̀ lé e, iye tí ẹ gbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lókè orúkọ yín, orúkọ aládùúgbò yín ló wà, ẹ sì rí i pé 80,000 náírà ló gbà lánàá. Òun kọ́ ló sọ fún yín, ìwé ló sọ ọ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn yín náà á ka tiyín.

Èmi kò ka obìnrin náà sí ènìyàn burúkú. Ìwé yẹn ló fi ń gbèjà ara rẹ̀ nígbà tí owó bá há sójú ọ̀nà, tí oníbàárà sì ń pariwo. Páálí pélébé kan tó lè fi bo àwọn ilà òkè nígbà tó bá ń kọ̀wé ni kò ní.

Ohun tó ń kọ sínú ìwé yẹn ni òfin ń pè ní dátà. Bí a bá ní "dátà" ní ìgboro, èyí tí a ń rà fi wo WhatsApp ló máa ń wá síni lọ́kàn. Dátà inú òfin yàtọ̀ sí i. Ohunkóhun tí a lè fi dá yín mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn ni: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àwòrán ojú, ìtẹ̀ka, NIN oní-nọ́ńbà 11, àti BVN tí àwọn bánkì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2014, tí òun náà jẹ́ oní-nọ́ńbà 11. Àìsàn tó ń ṣe yín wà lára rẹ̀, ó sì wúwo ju orúkọ lásán lọ lójú òfin. Láti 1952 ni ilé ìwòsàn ECWA ti wà ní Ẹ̀gbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba káàdì ilé ìwòsàn rí mọ ìdí tí a kì í fi í ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè lórí àga tí a ti ń dúró de dókítà.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún nǹkan yìí tipẹ́: àṣírí. A máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Bí ẹnìkan bá sì yá wa lówó lọ́jọ́ tí ọwọ́ wa kò tó ẹnu, a ó ní, "Ó bo àṣírí mi." Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń bo àṣírí lọ́jọ́ Ajé yìí, tí wọ́n á sì tú u lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Àwọn áàpù ẹ̀yáwó orí fóònù ni mò ń bá wí. Ẹnìkan nílò 10,000 náírà kíákíá. Áàpù náà kò béèrè oníduùró. Ó kàn béèrè bóyá òun lè wo àwọn nọ́ńbà inú fóònù, wọ́n sì kọ "Allow" síbẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń wá owó lójú méjèèjì kì í dúró kàwé. Ó tẹ̀ ẹ́, áàpù sì da gbogbo nọ́ńbà náà kọ. Nígbà tí ọjọ́ pé tí owó kò padà, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀ àti olórí ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀, pé olè ni, pé ó ń sá kiri.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Èkó ni ẹni náà wà, Ẹ̀gbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà. Fóònù ìyá dún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbájú-ẹ̀ lọmọ rẹ̀. Ìyá kò yá owó, kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ta ló wá fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀? Ọmọ rẹ̀ ni, láìmọ̀. Àwọn nọ́ńbà inú fóònù yín, àfipamọ́ ni wọ́n, olúkúlùkù wọn ló ní ẹni tó ni ín. A kì í sì í fi ẹrù ẹlẹ́rù dógò.

 

Ní oṣù kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó Soko Lending lórí irú ẹ̀sùn yìí. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Èkó. Láti 31 oṣù karùn-ún 2023, Google kò gbà kí áàpù ẹ̀yáwó tó wà ní Play Store máa wo nọ́ńbà inú fóònù ẹni mọ́. Ṣùgbọ́n áàpù tí ọ̀rẹ́ bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kò gba ojú ọ̀nà Google kọjá rárá.

Ní 12 oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo dátà ní Nàìjíríà. NDPC ni ìgbìmọ̀ tó ń mú un ṣẹ. Ní 2024, ó bu owó ìtanràn 555.8 mílíọ̀nù náírà lé Fidelity Bank lórí ọ̀rọ̀ dátà. Bánkì náà ní òun kò ṣẹ̀. Òfin náà gùn, àmọ́ télọ̀ yín lè fi ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ yé yín. Ó gba nọ́ńbà yín kó lè pè yín nígbà tí aṣọ bá parí. Kò gbà á kó lè fún olóṣèlú lásìkò ìbò. Bó bá fẹ́ lò ó fún nǹkan mìíràn, kó padà wá béèrè, ẹ sì lè ní rárá. Bí dátà bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí, tí ó lè pa ẹni tó ni ín lára, ilé-iṣẹ́ tó fi pamọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún NDPC láàárín wákàtí 72.

Ẹ da gbólóhùn yìí kọ sínú ìwé yín, kí ọwọ́ yín lè mọ́ ọn: "Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ kọ sílẹ̀ nípa mi, kí lẹ sì fẹ́ fi ṣe?" Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bẹ́ẹ̀, àti láti ní kí wọ́n tún èyí tó bá ṣì ṣe.

Lọ́jọ́ kan, mo ra ẹ̀pà sísun. Mo tú bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn, mo rí i pé fọ́ọ̀mù ni: orúkọ obìnrin kan, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àwòrán rẹ̀ tí òróró ti gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ́fíìsì kan ló tà á bí ìdọ̀tí. Ẹni tó ta ẹ̀pà kò mọ̀wé, kò mọ ohun tó fi ń di ọjà. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán. Mo mú fọ́ọ̀mù náà délé, mo sì tì í bọ iná.