Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Òfin: Oyè Kejì Wo Ni Kó Fi Kún Un?



Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àlàásàrí, bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń sún mọ́ ìparí Tánáwì lọ́dọ̀ wa wá bá mi. Ó ní, “Àfáà, ọmọ yìí ní lọ́yà ni òun fẹ́ ṣe. Ṣé kì í ṣe pé kéwú tó ti ń ké láti kékeré ti di òfò nìyẹn? Kí ni ẹ rò pé ó lè kọ́ mọ́ ọn?” Mo ní kí ó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mo gbàgbé láti sọ, ni mo kọ síhìn-ín, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń bèèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá gba JAMB wọlé ń lo ọdún márùn-ún lórí ìmọ̀ òfin ní yunifásítì, kí ó tó lọ lo nǹkan bí ọdún kan ní Law School, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò tó ń sọ ènìyàn di lọ́yà. Ẹni tó bá ti ní dìgírì kan tẹ́lẹ̀ lè gba ọ̀nà Direct Entry bọ́ sí ọdún kejì, yóò sì lo ọdún mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́rin gba oyè nínú èdè Lárúbáwá kí ó tó kọ́ òfin, ọdún mẹ́sàn-án ni yóò lò, láì ka ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó kọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀nà àtikọ́ méjèèjì pọ̀ sì wà. Ní Yunifásítì Ìlọrin, oyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Common and Islamic Law. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti òfin Ṣẹ̀ríà ni wọ́n ń kọ́ pọ̀ láàrin ọdún márùn-ún kan náà. Irú rẹ̀ wà ní Bayero ní Kánò àti ní Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó. Ọmọ ilé-kéwú tó bá wọ ibẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí ìwé fíkíhì tí àwọn ẹlòmíràn ń tú ní ìtúkútùú ni òun ti ń kà látọjọ́ pípẹ́.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ọmọ wa kan jáde níhìn-ín, ó lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, ó kọ́ Ṣẹ̀ríà fún ọdún mẹ́rin, oyè rẹ̀ sì dára púpọ̀. Nígbà tó padà dé, ó rò pé Law School ló kàn. Wọ́n ní oyè Ṣẹ̀ríà nìkan kò tó, àfi kí ó ní dìgírì òfin irú èyí tí kóòtù ìjọba ń lò. Ó tún padà sí yunifásítì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọmọ lórúkọ, àárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ni òun jókòó sí. Èmi gan-an wà lára àwọn tó rọ̀ ọ́ láti lọ, mi ò sì bèèrè ọ̀rọ̀ Law School yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìmọ̀ Ṣẹ̀ríà kò ní àyè lọ́dọ̀ ìjọba. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 276, sọ ẹni tó lè di Káàdì ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣẹ̀ríà. Ó lè jẹ́ lọ́yà tó ti pé ọdún mẹ́wàá, tó sì ní ìwé-ẹ̀rí òfin Ìsìláàmù. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n tí ìwé-ẹ̀rí òfin Ìsìláàmù rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá, tó ti fi í ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí tó jẹ́ onímọ̀ pàtàkì nínú rẹ̀. Abala 237 náà ní kí ó kéré tán mẹ́ta nínú àwọn adájọ́ Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ òfin Ìsìláàmù lórí ìgbéyàwó, ogún àti irú wọn. Ìpínlẹ̀ Kwara ní kóòtù Ṣẹ̀ríà yìí. Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó kò ní in. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé kò gbọdọ̀ fi àga Káàdì tan ara rẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n ibi gbogbo ni mùsùlùmí ti ń kú, tí wọ́n sì ń pín ogún. Ẹ wo ẹjọ́ Adesubokan àti Yunusa. Mùsùlùmí kan kọ wíìlì sílẹ̀, ìpín àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ilé ẹjọ́ gíga ní Àríwá ní mùsùlùmí kò lè kọ ohun tó tako òfin ogún Ìsìláàmù. Ní 1971, kóòtù tó ga jù lọ yí i padà, wọ́n ní òfin wíìlì ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti 1837, fún un láyè. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìpínlẹ̀ kan kọ ọ́ sínú òfin tiwọn pé wíìlì mùsùlùmí gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin ẹ̀sìn rẹ̀. Àfáà tí kò mọ̀ ju Ṣẹ̀ríà lọ kò lè dìde sọ̀rọ̀ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́yà tí kò mọ̀ ju òfin Gẹ̀ẹ́sì lọ yóò máa wá àfáà kiri.

Ìṣirò sì tún wà níbẹ̀. Ká ní ọkùnrin kan kú, a ti san gbèsè, ó sì ku ₦2,400,000. Ó fi ìyàwó kan, bàbá, ìyá, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ₦300,000. Bàbá àti ìyá gba ìdá kan nínú mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦400,000. Ó ku ₦1,300,000: ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ₦520,000, ọmọbìnrin ₦260,000. Èyí rọrùn. Ẹ fi ilé tí kò tíì parí àti ìpín owó nínú ilé-iṣẹ́ kún un, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti di ti akáúntáǹtì. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọmọ tí kò fẹ́ràn èdè Lárúbáwá, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ pé sí ìṣirò, lè kọ́ akáúntì kó tó kọ́ òfin. Iṣẹ́ owó orí àti ti báńkì ń bẹ fún un. Ìmọ̀ òṣèlú ní tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kún un, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ka ìwé òfin orílẹ̀-èdè tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo kórìíra jù ni kí òbí yan oyè méjì fún ọmọ kí wọ́n lè máa kà á lẹ́sẹẹsẹ níbi ìnáwó.

Ìwé-ẹ̀rí Tánáwì wa nìkan kì í mú ènìyàn wọ ẹ̀ka òfin. WAEC tàbí NECO ni wọ́n ń wò, kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń bèèrè Lítíréṣọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, tí àwọn ọmọ wa máa ń sá fún.

Bàbá yẹn bèèrè pé ìgbà wo ni kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Lítíréṣọ̀. Mo ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀.