Bí Ọkọ̀ Dísù Onítọ́bò Kò Bá Lágbára Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ọkọ̀ tó ń fi ẹrù gun òkè tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá, ohun tí mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Tọ́bò ti kú." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì wá yá owó tọ́bò.

Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, òun náà á wá máa fi tipátipá ti atẹ́gùn wọlé kí dísù lè jó dáadáa. Bí atẹ́gùn bá ń jò lọ́nà, dísù á pọ̀ jù ú lọ, èéfín á dú kirikiri. Bí ẹ bá tẹ iná tí èéfín dúdú ń tú, tí ẹ sì ń gbọ́ "fííì", rọ́bà atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá ibi tó ti ya tàbí tí kílíìpù ti dẹ̀. Ẹ yọ fíltà atẹ́gùn náà wò. Eruku ọ̀nà wa ò kéré.

Bí kò bá sí èéfín dúdú ńkọ́? Ẹ wo fíltà dísù, pàápàá bí ẹ bá ra dísù olómi.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ìgbàlódé tún lè dín agbára kù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá pa á, tí ẹ tún ṣáná, tó sì dá padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà wò kí wọ́n tó tú nǹkan kan.

Èéfín búlúù ló ń bà wá lẹ́rù: ọ́ìlì ló ń jó, ó sì lè jẹ́ láti inú tọ́bò. Bó bá ti kú lóòótọ́, ẹ béèrè ohun tó pa á. Bí páìpù ọ́ìlì rẹ̀ bá ṣì dí, tuntun náà ò ní pẹ́.