Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ: IBO NI OMI ÒRÙLÉ RẸ Ń GBÀ LỌ?

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ìtọ́jú ẹsẹ̀ ilé àti àyíká rẹ̀. Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú èyí. Ó kàn án gidigidi. Púpọ̀ nínú owó tí a ń yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni a fi ń ra páànù, bulọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì. Bí àgbàrá bá wó ilé náà kí a tó san owó tán, gbèsè wà nílẹ̀, ilé kò sí mọ́.

Ìṣirò tó yẹ kí onílé mọ̀

Bí òjò tó rọ̀ bá jẹ́ mìlímítà 1, omi tó bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 ní gígùn, mítà 1 ní ìbú, jẹ́ lítà 1. Ẹ wo òrùlé tó jẹ́ mítà 12 ní gígùn, mítà 10 ní ìbú. Bí òjò kan bá rọ̀ tó mìlímítà 25, lítà 3,000 ni òrùlé náà yóò dà sílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, láti inú òjò ẹyọ kan. Ní Ìlaròó àti Ayétòrò, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì tún ń rọ̀ dé oṣù kẹwàá. Ilé alámọ̀ tí a kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú kò lè gba irú omi bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ lọ́dọọdún kí ó má sanjú.

Omi kò mọ ààlà

Ká sọ pé bàbá kan yá owó ẹgbẹ́, ó pa páànù dà, ó sì fa òrùlé rẹ̀ síwájú. Omi òrùlé náà wá ń já lu ògiri ilé ìdáná ìyá kan tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Ìyá yìí gan-an ló ṣe onídùúró fún un. Ní ọdún kejì, ògiri náà wó. Ìyá ní òun kò ní dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó jalè, kò sí ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, síbẹ̀ ẹgbẹ́ fẹ́ tú. Omi òrùlé lásán ló dá a sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

1. Ẹ kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ pupa sí ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ó sì máa rẹlẹ̀ bí ó ti ń jìnnà sí i. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó fi kankéré rẹ́ ẹ yí ilé po.

2. Ẹ la gọ́tà. Kí ẹ tó la á, ẹ wo ibi tí yóò parí sí. Gọ́tà tó parí sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò kì í ṣe gọ́tà, ìjà ni.

3. Ẹ gbin pèrègún sí ààlà, kí ẹ sì jẹ́ kí koríko bo ilẹ̀ tó bá dà gẹ̀rẹ́, nítorí gbòǹgbò ni ó ń di ilẹ̀ mú. Ẹni tó bá fi làpálàpá ṣe ọgbà, kí ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, nítorí májèlé ni èso rẹ̀. Ẹ má gbin igi ńlá sí ìdí ògiri.

4. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da omi inú agolo àti táyà ògbólógbòó nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn inú omi bẹ́ẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò.

5. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí kànga sì wà ní apá òkè.

Àárò fún ilé mẹ́wàá

Nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, wọ́n ya Sátidé tó kẹ́yìn oṣù sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó. Òfin lè mú kí olúkúlùkù gbá iwájú ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gọ́tà tó gba iwájú ilé mẹ́wàá kọjá kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Àwọn bàbá wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àárò àti ọ̀wẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Indonéṣíà, gotong royong ni wọ́n ń pe irú ìrànlọ́wọ́ yìí, àwọn ará àdúgbò a sì máa dá ọjọ́ láti jọ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Àjọ tí wọ́n ń dá káàkiri, tí wọ́n ń pè ní arisan, kò yàtọ̀ sí èsúsú wa. Ní 1995 ẹ̀wẹ̀, Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Àgbáyé ṣe ìpàdé ní Manchester, wọ́n sì fi ìtọ́jú ìlú àti àdúgbò ṣe ìlànà keje fún gbogbo ẹgbẹ́.

Nítorí náà, kí ilé mẹ́wàá tó wà lójú àgbàrá kan náà di ẹgbẹ́ àárò kan. Láti ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń jáde sí, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ ri sínú omi.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yá owó láti kan òrùlé, kí ènìyàn méjì lọ wo ibi tí omi rẹ̀ yóò gbà, kí a pe aládùúgbò rẹ̀ sí i, kí a sì ka owó gọ́tà mọ́ owó òrùlé kí a tó fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Ilé mélòó nínú ẹgbẹ́ yín ni ìpìlẹ̀ wọn ti yọ síta?
(b) Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wo ni wọ́n wà lójú àgbàrá kan náà?
(d) Ọjọ́ wo ni àárò yóò bẹ̀rẹ̀, ilé ta ni yóò sì kọ́kọ́ kàn?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé, kí a sì tún un kà ní ìpàdé tó ń bọ̀.