Ẹ Yẹ Sípíkà Aláìlówáyà Wò Dáadáa Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra sípíkà aláìlówáyà tí ń kọrin káàkiri ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa lọ́jà ni pé ká gbé ọ̀kan sí pálọ̀, ọ̀kan sí ilé ìdáná, ọ̀kan sí yàrá, ká fọwọ́ kan fóònù, orin kan náà á sì máa dún níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni, ó sì dùn mọ́ni lọ́jọ́ tó bá ń ṣe dáadáa. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọ̀pọ̀ irú sípíkà bẹ́ẹ̀ kò lè dá dúró. Ó ń wojú iná, ó ń wojú Wi-Fi, ó ń wojú áàpù, ó sì ń wojú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, èyí tó wà lókè òkun. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yẹ̀, orin lè dópin.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníbàárà Sonos, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ gan-an nídìí òwò yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n gbé áàpù tuntun jáde dípò ti tẹ́lẹ̀. Àwọn nǹkan tí àwọn èèyàn ń lò lójoojúmọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, títí kan èyí tí ń bá wọn pa orin lóru lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sùn. Àwọn mìíràn ké gbàjarè pé sípíkà àwọn ò hàn lórí fóònù mọ́. Ní oṣù keje, ọ̀gá àgbà wọn, Patrick Spence, tọrọ àforíjì ní gbangba. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2025, ó fipò sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé sípíkà fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́. Áàpù tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un ni wọ́n yí padà, láìbi ẹni tó fowó rà á.

Kì í ṣe Sonos nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Chromecast Audio ti Google, ohun kékeré tí wọ́n ń so mọ́ sípíkà kó lè gba orin láti orí Wi-Fi, dédé dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé àwọn tó ń lò ó, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí kan tó wà nínú rẹ̀ ti kọjá ọjọ́. Ó gba Google ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Bose kéde pé àwọn máa dáwọ́ iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dúró fún sípíkà wọn tó ń jẹ́ SoundTouch, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2013. Àwọn tí tiwọn ní Bluetooth tàbí ihò wáyà ṣì ní ọ̀nà tí wọ́n lè fi gbọ́ orin. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí fún sípíkà.

Ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà kan, Sonos máa ń dín ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà tuntun kù fún ẹni tó bá gbà láti pa sípíkà àtijọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, sípíkà náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láé. Ní 2020 ni wọ́n fòpin sí àṣà náà. Irú sípíkà bẹ́ẹ̀ lè dé ọjà wa, ojú rẹ̀ á máa dán, kò sì ní sí atúnnǹkanṣe tó lè jí i. Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn sípíkà tí ẹ fẹ́ rà wò. Bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà ni, iná tiwa tó jẹ́ 230V á jó o.

Ká wá sọ ti inú ilé wa. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí a tan jẹnẹrétọ̀, ráútà àti sípíkà á jọ máa tàn. Sípíkà á máa wá Wi-Fi nígbà tí ráútà ò tíì ṣe tán. Bí ráútà bá wá ṣe tán, ó lè fún sípíkà ní àdírẹ́sì mìíràn, áàpù á sì máa wá a síbi tí kò sí mọ́. Ti pálọ̀ á máa kọrin, ti ilé ìdáná á dákẹ́ lọ gbári. Ẹ fi ráútà sórí ínfátà tàbí bátìrì kékeré tí kò ní jẹ́ kó kú rárá, kí ẹ sì ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo pamọ́ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Ògiri bulọ́ọ̀kù ń dí Wi-Fi lọ́wọ́. 5GHz yára, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti la ògiri kọjá kéré sí ti 2.4GHz. Orí 2.4GHz yìí kan náà ni Bluetooth, microwave àti Wi-Fi àwọn ará ilé kejì ti ń fún ara wọn pa. Ẹ gbé ráútà sí àárín ilé, níbi gíga, kí ẹ sì yan ojú ọ̀nà (channel) 1, 6 tàbí 11 fún 2.4GHz, èyí tí àwọn aládùúgbò ò bá lò pọ̀. Bí fóònù bá wà lórí Wi-Fi àlejò tàbí lórí dátà tirẹ̀, ó lè má rí sípíkà kankan.

Dátà náà ńkọ́? Orin tó ń wọlé ní 320 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ nǹkan bí 144MB ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ fún oṣù kan ti lé ní 17GB, orin kan ṣoṣo tó ń wọlé nígbà kan la sì ń sọ yẹn. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá ń gbọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ máa ṣírò ó lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí òǹtajà pa Wi-Fi, kó wá mú kí sípíkà náà kọrin. Bó bá lè kọ ọ́ nípasẹ̀ Bluetooth tàbí wáyà, ẹ lè dúnàádúrà. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ fi fóònù tiyín so ó pọ̀ níbẹ̀ gan-an, kí ẹ rí i pé kò so mọ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ lò ó nínú ilé yín fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Sípíkà tí kò bá lè dún láìsí áàpù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má rà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó.